Iṣẹ́ Tí Herbert Macaulay Kọ́ Kó Tó Di Olóṣèlú

 

Ní táàmù tó kọjá, ẹgbẹ́ wa yàn mí láti sọ̀rọ̀ lórí Herbert Macaulay. Mo dìde, mo sọ ọ́ bí gbogbo wa ṣe máa ń sọ ọ́: ọmọ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ni, òun ló dá ẹgbẹ́ òṣèlú àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, àwòrán rẹ̀ wà lára kọ́ìnì náírà kan. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi, inú mi dùn. Bí mo ṣe fẹ́ jókòó ni olùkọ́ wa kan bi mí léèrè ọ̀rọ̀. Wọn kì í ṣe olùkọ́ Yorùbá, ìṣirò ni wọ́n ń kọ́ wa, wọ́n kàn yà wá wò lọ́jọ́ náà ni. Wọ́n ní iṣẹ́ wo gan-an ni bàbá yìí kọ́ kó tó di pé ó ń bá òyìnbó fa ọ̀rọ̀? Mo dúró gbagidi. Mi ò mọ̀ ọ́n. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní lọ́yà ni, òmíràn ní oníwèé ìròyìn. Olùkọ́ wa rẹ́rìn-ín, wọ́n ní civil engineer ni, kí n lọ wádìí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Civil engineering ni èmi fúnra mi fẹ́ kà ní yunifásítì, ọdún yìí ni mo sì máa ṣe JAMB. Bàbá mi ò fẹ́. Sìmẹ́ńtì àti irin ìkọ́lé ni wọ́n ń tà ní Sabon Gari níbí, ó ti lé ní ogún ọdún, kò sì sí irú ẹnjiníà tí wọn ò tíì rí. Wọ́n ní pláànù á sọ pé ọ̀pá irin 12 ni kó wọ inú òpó kan, ẹnjiníà á wá ra 8, á sì ní kí wọ́n kọ rìsíìtì 12 fún òun. Nígbàkígbà tí rédíò bá sọ pé ilé alájà kan wó, bàbá mi kì í sọ nǹkan kan. Wọ́n á kàn wò mí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n sọ ọ́ pé àwọn ò ní fi owó sìmẹ́ńtì rán ọmọ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń jí irin. Wọn ò tún un sọ mọ́, wọn ò sì yí i padà.

Nítorí náà, ẹnjiníà kan tí mo lè mú lọ síwájú bàbá mi ni mo ń wá: ọmọ Yorùbá, tó ti kú tipẹ́, tí orúkọ rẹ̀ kò ní àbàwọ́n. Mo rò pé ọwọ́ mi ti tẹ̀ ẹ́. Gbogbo ìsinmi ni mo fi ka ìwé nípa Macaulay. Ohun tí mo rí ni mo kọ síbí, èyí tó gbè mí àti èyí tí kò gbè mí.

Orúkọ rẹ̀ ní kíkún ni Ọláyínká Herbert Samuel Heelas Macaulay. Èkó ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá ọdún 1864. Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n fi bàbá ìyá rẹ̀ jẹ Bíṣọ́ọ̀bù, ìyẹn Àjàyí Crowther tí àwọn akónilẹ́rú mú ní Òṣogùn nígbà èwe rẹ̀. Bàbá tó bí i, Thomas Babington Macaulay, ló dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní Èkó ní 1859, ilé ẹ̀kọ́ girama àkọ́kọ́ ní gbogbo ilẹ̀ tó wá di Nàìjíríà. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò tíì lò ju ọdún mẹ́ta lọ ní Èkó nígbà tí wọ́n bí i. Ní 1861 ni wọ́n fi agídí mú Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé pé òun ti fi Èkó lé ọbabìnrin wọn lọ́wọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé ìwé tí Dòsùnmú fọwọ́ sí yìí o. A ó padà dé ìdí rẹ̀.

Ilé ńlá ni ilé tí wọ́n bí i sí lóòótọ́, àmọ́ kò pẹ́ tí nǹkan fi yí padà. Ọmọ ọdún 13 ni nígbà tí bàbá rẹ̀ kú ní 1878, ilé ẹ̀kọ́ tí bàbá náà dá sílẹ̀ ló sì wà nígbà yẹn. Ó kúrò níbẹ̀ ní 1880, ó bá ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n gba odò Ọya lọ, wọ́n dé Bonny, wọ́n dé Brass, wọ́n dé Lọ́kọ́ja àti Gbebe. Ẹ̀yin tí ẹ wá láti Kogí, ẹ gbọ́ bẹ́ẹ̀: bàbá náà ti dé ọ̀dọ̀ yín kí ó tó mọ ọ̀nà ìlú òyìnbó.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1881, kí ó tó pé ọmọ ọdún 17, ó gba iṣẹ́ akọ̀wé ní Public Works ní Èkó, ìyẹn ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀nà, afárá àti ilé ìjọba. Iṣẹ́ ọ̀hún kò gbayì rárá níbẹ̀rẹ̀. Ó ń to ìwé, ó ń kọ orúkọ wọn sílẹ̀ kí ọ̀gá lè tètè rí èyí tó bá fẹ́. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni gbogbo pláànù ìlú wà. Ẹni tó ń to pláànù lójoojúmọ́, bó pẹ́ bó yá, á mọ̀ ọ́n kà. Macaulay mọ̀ ọ́n kà, ó tún mọ̀ ọ́n yà. Wọ́n gbé e kúrò ní ìdí ìwé títò, wọ́n fi í sí ìdí pláànù yíyà, nígbà tó yá wọ́n fi í sí ìdí àwọn ìwé ilẹ̀ tí ìjọba ń fún àwọn ará Èkó. Ní 1890 ni ìjọba ràn án lọ́wọ́ láti lọ kọ́ civil engineering ní England. Ọmọ ọdún 25 ni. Mo ní kí n sọ ọjọ́ orí rẹ̀ nítorí àwọn kan láàárín wa tí wọ́n ń sunkún pé àwọn ti pé 18, àwọn ò tíì wọ yunifásítì.

Plymouth ló lọ, ìlú etíkun kan ní ìsàlẹ̀ England. Ẹ má fojú inú wo yunifásítì tó ní géètì àti báńdà o. Nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ ẹnjiníà Gẹ̀ẹ́sì ni kò ti inú kíláàsì jáde. Bí ọmọ ṣe ń kọ́ iṣẹ́ káfíńtà tàbí iṣẹ́ télọ̀ nílé wa ni wọ́n ṣe ń kọ́ ọ: wọ́n á fi ọmọ sábẹ́ ọ̀gá, wọ́n á san owó ẹ̀kọ́, ọmọ á sì máa tẹ̀ lé ọ̀gá kiri fún ọdún mélòó kan títí ọwọ́ rẹ̀ á fi dá. Ọ̀gá tí Macaulay kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ni G. D. Bellamy. Òun ni awọnlẹ̀ ìlú Plymouth, ẹni tí gbogbo ayé ń pè ní surveyor, òun náà sì ni ẹnjiníà omi wọn.

Omi yìí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró wò. Láti 1591 ni Plymouth ti ń mu omi tó ń ti orí òkè Dartmoor wá, nínú kòtò gígùn kan tí Francis Drake mú wọ ìlú. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bíi máìlì 17. Kò sí ẹ̀rọ kankan tó ń ti omi náà. Ilẹ̀ tó dagẹ̀rẹ̀ ni omi ń tẹ̀ lé wálé. Bí ẹni tó wọn ilẹ̀ bá ṣi ìdagẹ̀rẹ̀ yẹn ṣírò, omi á dúró sójú kan, tàbí kó ya bàrá lọ sí oko olóko. Ní oṣù kẹta ọdún 1891, yìnyín bọ́ ní agbègbè náà débi pé ó dí kòtò pa, omi sì wọ́n gógó nílùú. Ìgbà yẹn ni wọ́n gbà pé kòtò Drake kò tó mọ́, àfi kí wọ́n sé odò. Ní 1893 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ dáàmù Burrator, wọ́n ṣí i ní 1898. Ẹ ò rí i pé àsìkò tí ọ̀rọ̀ omi gba gbogbo ẹnu ní Plymouth ni ọmọ Èkó yìí ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnjiníà omi. Ẹ̀kọ́ tó bá wàhálà pàdé báyìí kì í kúrò lórí bọ̀rọ̀. Àwa tí a máa ń jí ní aago mẹ́rin òwúrọ̀ láti gbé bọ́ọ̀kẹ́ẹ̀tì sórí ìlà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, a mọ ohun tí mò ń sọ.

Ilẹ̀ wíwọ̀n ni apá kejì ẹ̀kọ́ náà. Ní ayé ìgbà yẹn, ṣéènì irin ni wọ́n fi ń wọnlẹ̀. Gígùn ṣéènì kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 66, ó ní ìsokọ́ra 100. Bí ilẹ̀ kan bá gùn tó ṣéènì 10, tó sì fẹ̀ tó ṣéènì kan, éékà kan nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, wà ní 300 level civil engineering báyìí, òun ló là á yé mi. Ó ní ọdún 5 ni àwọn ń lò. Ọdún kìíní kò dà bí engineering rárá, ìṣirò, físíìsì àti kẹ́mísírì ni ṣáá, bíi pé èèyàn tún padà sí SS3. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á máa kọ́ bí irin àti kọnkéré ṣe ń gbé ẹrù, bí erùpẹ̀ ṣe ń fún pọ̀ lábẹ́ ilé, bí omi ṣe ń sáré nínú páìpù. Wọ́n á lọ ṣiṣẹ́ oṣù mẹ́fà níta kí wọ́n tó ṣe àṣekágbá. Èyí tó mú un jù ni wíwọnlẹ̀. Wọ́n á gbé awò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n á gbé ọ̀pá tó ní nọ́ńbà lára, wọ́n á fi oòrùn rin gbogbo ọgbà yunifásítì, wọ́n á sì padà sí ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà tí wọ́n ní níbẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá èyí tí wọ́n ní nígbẹ̀yìn dọ́gba. Bí kò bá dọ́gba, iṣẹ́ ọ̀hún kò pa dé nìyẹn, wọ́n á tún un rìn. Ó ní àwọn ẹlẹgbẹ́ òun kan wà tí kì í tún un rìn. Wọ́n á jókòó sábẹ́ igi, wọ́n á fi bírò pa á dé. Nígbà tó sọ èyí, bàbá mi ló wá sí mi lọ́kàn, àti ọ̀pá irin 8 tó di 12 nínú rìsíìtì.

Macaulay padà sí Èkó ní 1893. Kì í ṣe ẹ̀kọ́ ẹnjiníà nìkan ló mú bọ̀. Ó tún kọ́ orin, ó gba ìwé ẹ̀rí ní Trinity College ní London, ó sì mọ violin ta, ìyẹn gòjé òyìnbó. Ọ̀pọ̀ ìwé pè é ní ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó kọ́ civil engineering, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì sí ohun tó ń jẹ́ Nàìjíríà nígbà yẹn. Ìjọba fi í ṣe awọnlẹ̀ ilẹ̀ ìjọba. Ọdún 5 péré ló fi ṣe é, ó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 1898.

Kí ló dé tó fi kúrò? Ibi tí mo ti kọ́kọ́ rí i pé bàbá tí mò ń wá kò mọ́ tó bí mo ṣe fẹ́ nìyí. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ní inú ń bí i sí bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń ṣe ìjọba lórí wa. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá rẹ̀ òyìnbó fẹ̀sùn kàn án pé ó ń lo ipò rẹ̀ láti fi orúkọ ẹlòmíràn gba ilẹ̀ ìjọba, kí ilẹ̀ ọ̀hún lè padà di tirẹ̀. Àárín òun àti àwọn ọ̀gá yìí kò gún tẹ́lẹ̀, nítorí náà èèyàn lè sọ pé ìkà ni wọ́n ń ṣe sí i. Èmi ò lè fi gbogbo ẹnu sọ bẹ́ẹ̀ níwájú bàbá mi.

Ó gba ìwé àṣẹ, ó ń dá iṣẹ́ awọnlẹ̀ ṣe. Oṣù kejìlá ọdún yẹn ló gbé Caroline Pratt níyàwó. Ikú mú ìyàwó náà lọ nígbà ìbímọ ní oṣù kẹjọ 1899, oṣù mẹ́jọ péré lẹ́yìn ìgbéyàwó. Macaulay kò ṣe ìgbéyàwó mìíràn mọ́ títí tó fi kú. Ilé rẹ̀ ní Èkó, tó pè ní Kirsten Hall, wá di ibi tí ọlọ́lá àti tálákà ń wọ́ tọ̀ ọ́ wá. Ó ń gbọ́ gbogbo ohun tí ìjọba bá sọ ní kọ̀rọ̀ débi pé wọ́n ń pè é ní oṣó Kirsten Hall.

Ní 1908, ọ̀rọ̀ omi tún bá a délé. Ìjọba ń ṣètò láti fa omi ẹ̀rọ wọ Èkó láti Ìjú, wọ́n sì ní kí àwọn ará ìlú san owó omi. Àwọn ará Èkó fárí gá. Wọ́n ní kànga àwọn wà nílé, àwọn ò bẹ ìjọba níṣẹ́, pé nítorí àwọn òyìnbó ni wọ́n ṣe fẹ́ fa omi náà, wọ́n wá fẹ́ fi owó rẹ̀ bọ àwọn lọ́rùn. Macaulay wà láàárín àwọn tó ta kò ó. Ẹ ronú sí i: ẹni tí ẹnjiníà omi kọ́ níṣẹ́, òun ló ń bá omi ẹ̀rọ jà! Ó kọ́kọ́ dà bí àṣìṣe lójú mi. Nígbà tí mo tún un rò, mo rí i pé kì í ṣe omi ló ń bá jà. Ta ló máa mu ún, ta ló máa san án, ta ló sì fún wọn láṣẹ láti bu owó lé ẹni tí kò ní aṣojú nínú ìgbìmọ̀? Ohun tó ń bi wọ́n nìyẹn. Síbẹ̀síbẹ̀, níbí, èmi àti òun kò fẹnu kò tán. Omi kànga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣáláńgá kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbèjà, ó sì yẹ kí ẹni tó ti Plymouth dé mọ̀ bẹ́ẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ. Ọdún yẹn kan náà ló kọ ìwé pẹlẹbẹ kan tó fi tú àṣírí bí wọ́n ṣe ń náwó iṣẹ́ rélùwéè. Ẹni tó mọ iye tó yẹ kí afárá gbà ló lè sọ pé owó afárá ti pọ̀ jù.

Mo dé 1913, inú mi sì bà jẹ́. Wọ́n fi Macaulay ṣe alábòójútó ogún ẹnì kan tó ti kú. Wọ́n mú un lọ sílé ẹjọ́ pé ó ná nínú owó ogún náà fún ohun tí kò yẹ. Ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi, wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún 2. Àwọn kan ní nítorí pé ó ń yọ ìjọba lẹ́nu ni ìdájọ́ ṣe le tó bẹ́ẹ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n owó olówó ni. Mo pa ìwé dé lọ́jọ́ náà, n kò ṣí i fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo rò ó pé kí n fo ibẹ̀ nígbà tí mo bá ń kọ ọ́ fún yín. Lẹ́yìn náà ni mo rántí àwọn tó ń jókòó sábẹ́ igi fi bírò pa iṣẹ́ wọn dé.

Ìgbà tó jáde lẹ́wọ̀n ni ẹ̀kọ́ Plymouth wá hàn jù. Ìjọba ti gba ilẹ̀ ńlá kan ní Àpápá. Olóyè Àmọ́dù Tìjání, Olúwa Èkó, ní ilẹ̀ ìdílé àwọn ni, kí wọ́n san owó gbà-má-bínú. Olúwa wà lára àwọn Ìdẹ́jọ, àwọn olóyè onífìlà funfun tí wọ́n ni ilẹ̀ Èkó láti ìṣẹ̀dálẹ̀. Adájọ́ ní Èkó sọ pé Olúwa kò ni ilẹ̀ náà, pé àṣẹ díẹ̀ àti ìṣákọ́lẹ̀ ló ní lórí rẹ̀. Ó yá, ẹ rántí ìwé Dòsùnmú. Ohun tí ìjọba ń sọ ni pé Dòsùnmú ti fi gbogbo Èkó fún àwọn ní 1861. Ohun tí àwọn Ìdẹ́jọ ń sọ ni pé ọba kò lè fi ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ tọrẹ.

Wọ́n gbé ẹjọ́ náà dé London, níwájú Privy Council, ilé ẹjọ́ tó ga jù nígbà náà. Ní 1920, Macaulay bá Olúwa lọ gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé rẹ̀. Ta ni ì bá tún mú lọ? Ọkùnrin yìí ti ìgbà èwe rẹ̀ to ìwé ilẹ̀ Èkó, ó ti ṣiṣẹ́ ní ìdí àwọn ìwé tí ìjọba fi ń pín ilẹ̀, ó ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lórí ilẹ̀ náà. Ó mọ ibi tí ààlà ìdílé kan pin sí, ó sì lè gbé pláànù síwájú lọ́yà kó fi ọwọ́ tọ́ka sí i. Ní 1921 ni Privy Council dá a láre fún Olúwa pé ilẹ̀ wà lọ́wọ́ ìdílé àti àwùjọ, pé ìwé tí Dòsùnmú fọwọ́ sí kò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ni ín, kí ìjọba san owó ilẹ̀ náà ní kíkún. £22,500 ni wọ́n san. Títí dòní ni àwọn lọ́yà ṣì ń tọ́ka sí ìdájọ́ yìí. Lójú tèmi, èyí tóbi ju afárá lọ, tí kì í bá sí ẹni tó mọ ilẹ̀ wọ̀n, wọn ì bá má rí i gbà.

Ọ̀pá àṣẹ Ọba Èṣùgbàyí Ẹlẹ́kọ̀ọ́ ni Macaulay mú lọ sí London yẹn, ọ̀rọ̀ tó sì sọ níbẹ̀ nípa ipò Ẹlẹ́kọ̀ọ́ bí ìjọba nínú. Wọ́n ní kí ọba jáde sọ pé òun kò rán an níṣẹ́ yẹn, kó sẹ́ ẹ ní gbangba. Ọba kò ṣe é bí wọ́n ṣe fẹ́. Wọ́n yọwọ́ lọ́rọ̀ rẹ̀, nígbà tó di 1925 wọ́n lé e lọ sí Ọ̀yọ́. Ọdún 1931 ló tó padà sí Èkó, lẹ́yìn tí ẹjọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ti dé Privy Council. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn ni Macaulay fi ń jà fún un.

Apá tó kù ni èyí tí gbogbo yín mọ̀, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ó dá ẹgbẹ́ NNDP sílẹ̀ ní 1923. Ẹgbẹ́ náà ló kó gbogbo àga mẹ́ta tí Èkó ní nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin ní 1923, ní 1928 àti ní 1933. Òun alára kò jókòó lórí ọ̀kan rí, torí ẹ̀wọ̀n 1913 kò jẹ́ kí ó lè du ipò. Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ náà ṣe tẹ̀ lé e tó: ó kọ́lé tán, kò lè wọ inú rẹ̀. Ó ní ìwé ìròyìn Lagos Daily News, ìwé ìròyìn yẹn náà ló sì gbé e dé ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ní 1928, nítorí ìròyìn kan tí ìjọba ní irọ́ ni. Èyí kò bà mí lọ́kàn jẹ́ bíi ti àkọ́kọ́.

Ibi tó kan ìlú tí a wà yìí ló kù. Ní 1944 wọ́n dá NCNC sílẹ̀, Macaulay ni ààrẹ, Nnamdi Azikiwe ni akọ̀wé. Nígbà tí ìjọba gbé òfin Richards wá láìbi àwọn ará ilẹ̀, NCNC ní àwọn á rin gbogbo Nàìjíríà ká láti gbọ́ tẹnu àwọn èèyàn, kí wọ́n tó lọ bá wọn rojọ́ ní London. Ọmọ ọdún 81 ni Macaulay ní 1946, ó sì bá wọn lọ. Kánò níbí ni àìsàn ti gbé e dè. Wọ́n gbé e padà sí Èkó, ibẹ̀ ló kú sí ní ọjọ́ 7 oṣù karùn-ún 1946. Ìkòyí ni wọ́n sin ín sí, Azikiwe sì sọ̀rọ̀ nídìí ibojì rẹ̀.

Ní visiting day tó kọjá, mo ka gbogbo ohun tí mo kọ yìí fún bàbá mi lábẹ́ igi dọ̀gọ̀yárò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíláàsì SS1. Wọ́n rẹ́rìn-ín nígbà tí mo dé ibi oṣó Kirsten Hall. Nígbà tí mo dé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Àpápá, wọ́n mi orí. Mo kà á tán, wọ́n ní kí n padà sí 1913, kí n tún un kà. Mo tún un kà. Wọ́n bi mí bóyá ẹnì kan ló ní kí n kọ ọ́ síbẹ̀. Mo ní rárá. Wọ́n gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, wọ́n ká a, wọ́n fi í sáàárín àwọn rìsíìtì tó wà nínú àpò wọn, wọ́n ní àwọn ń bọ̀ ní Sátidé. Ìparí oṣù ni wọ́n máa ti ìforúkọsílẹ̀ JAMB.